Ẹ̀rọ gémù mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú okùn nẹ́tíwọ̀kì: iná ń tàn, àmọ́ PS4 kò rí àdírẹ́sì IP gbà

ỌmọGémù kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. PS4 àkọ́kọ́ ni mo ń lò, yàrá mìíràn sì ni ráútà wà, okùn kò lè dé ibẹ̀. Wi-Fi kì í dúró dáadáa lórí PS4 náà, àmọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ (Windows 10) ń gbà á geere. Ohun tí mo fẹ́ ni kí kọ̀ǹpútà gba íntánẹ́ẹ̀tì lórí Wi-Fi, kó sì gbé e fún PS4 látinú okùn.

Mo ti ki okùn Cat5e oní mítà 3 bọ ẹ̀rọ méjèèjì. Iná ń tàn lára ihò okùn kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ nígbà tí mo bá ṣe àyẹ̀wò íntánẹ́ẹ̀tì lórí PS4, ó ní òun kò rí àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì) gbà. Ẹnìkan ní okùn crossover ni mo nílò. Ṣé òótọ́ ni? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ló kù? Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá okùn yìí kan náà lè jẹ́ kí n máa kó fáìlì láàárín àwọn méjèèjì.

OníWáyà kọ:

Ẹ fi okùn crossover sílẹ̀, òun kọ́ ló fa èyí. Bí iná ihò okùn bá ti tàn, ẹ̀rọ méjèèjì ti ń gbọ́ ara wọn nìyẹn.

Láyé àtijọ́, wáyà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ̀rọ̀ àti èyí tí ẹ̀rọ gémù fi ń sọ̀rọ̀ máa ń bọ́ sójú kan náà, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ nínú wọn. Okùn crossover ló ń yí wọn padà. Ihò nẹ́tíwọ̀kì 1 Gbps ti mọ bí a ṣe ń yí i fúnra rẹ̀, Auto MDI-X ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Bí ẹyọ kan péré nínú ẹ̀rọ méjèèjì bá ní i, ó ti tó. PS3, PS4, PS5 àti Xbox One, 1 Gbps ni ihò gbogbo wọn.

Ẹni tó ṣì lè nílò rẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ so Xbox àkọ́kọ́, ti ọdún 2001, mọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ihò rẹ̀ kò kọjá 100 Mbps, tàbí tó fẹ́ so Xbox méjì irú ẹ̀ pọ̀ fún System Link (ètò tí Xbox méjì fi ń gbá gémù pọ̀ látinú okùn) láìsí súwíìṣì láàárín. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ to wáyà orí kan bí T568B, orí kejì bí T568A (ètò àwọ̀ méjì tí a fi ń to wáyà). Ẹ ka ẹsẹ̀ orí okùn láti òsì, kí irin rẹ̀ kọjú sí yín, kí ẹnu ibi tí wáyà ń gbà wọlé wà nísàlẹ̀:

T568B: 1 funfun-ọsàn, 2 ọsàn, 3 funfun-ewé, 4 búlúù, 5 funfun-búlúù, 6 ewé, 7 funfun-búráwùn, 8 búráwùn.
T568A: 1 funfun-ewé, 2 ewé, 3 funfun-ọsàn, 4 búlúù, 5 funfun-búlúù, 6 ọsàn, 7 funfun-búráwùn, 8 búráwùn.

Ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ 1 àti 2 ló pààrọ̀ àyè pẹ̀lú ẹsẹ̀ 3 àti 6. Okùn lásán sì rèé, bákan náà ni orí méjèèjì máa ń rí.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un, nítorí òun ló ń da àwọn tó ń lẹ orí okùn fúnra wọn láàmú jù: wáyà ẹsẹ̀ 3 àti ti ẹsẹ̀ 6 gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn nínú okùn. Àwọn kan máa ń to àwọ̀ ní méjì-méjì tẹ̀léra, 1-2, 3-4, 5-6, 7-8. Ó dùn ún wò, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń dán okùn wò náà á sì ní kò sí ìṣòro torí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣáà kan èkejì rẹ̀. Àmọ́ wáyà 3 àti 6 kò lọ́ pọ̀ mọ́, ariwo iná mànàmáná á máa wọ inú wọn. Bí okùn bá kúrú, ó lè fẹ́ ṣiṣẹ́. Bó bá gùn díẹ̀, gémù á máa já. Ẹ má sì tú ìlọ́po wáyà jù mìlímítà 13 lọ níbi orí.

Alábòójútó_Nẹ́tì kọ:

Òótọ́ lọ̀rọ̀ OníWáyà. Okùn ti ṣe tirẹ̀. Ohun tó kù ni pé kò tíì sí ẹni tó ń pín àdírẹ́sì fún PS4. Nínú ilé, ráútà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe é àfi tí ẹ bá sọ fún un. Nítorí náà, kí ẹ tó tún fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ pinnu ipò tí ẹ fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wà: ṣé kó di ráútà kékeré fún PS4 ni, àbí kó kàn jẹ́ afárá tí PS4 ń gbà kọjá lọ bá ráútà gan-an? Ọ̀tọ̀ ni ètò àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì, ẹ kò sì lè ṣe méjèèjì pọ̀.

Fún yín tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gba orí Wi-Fi wọlé, ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú. Internet Connection Sharing, ICS, ni Windows ń pè é.

1. Ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, ẹ kọ ncpa.cpl, ẹ tẹ Enter. Gbogbo ojú nẹ́tíwọ̀kì tó wà lórí kọ̀ǹpútà á jáde.
2. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún mọ́ọ̀sì tẹ Wi-Fi, kì í ṣe Ethernet o. Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé ni a ti ń pín in. Ẹ yan Properties, kí ẹ lọ sí Sharing.
3. Ẹ fàmì sí àpótí àkọ́kọ́, "Allow other network users to connect through this computer's Internet connection".
4. Bí ẹ bá rí "Home networking connection" lábẹ́ rẹ̀, ẹ yan Ethernet tí okùn PS4 wà. Ẹ tẹ OK.
5. Lórí PS4: Settings, Network, Set Up Internet Connection, Use a LAN Cable, Easy.

Bó bá ti gbà, Windows á fún Ethernet ní àdírẹ́sì 192.168.137.1, PS4 á sì gba òmíràn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.137. Bí kò bá gbà, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ ipconfig, kí ẹ sọ ohun tó wà lábẹ́ Ethernet fún wa. Nọ́ńbà yẹn ló máa sọ ibi tí ìṣòro wà, a ò ní máa méfò.

Afárá kọ:

Kí ló dé tí ẹ kò ní kí wọ́n ṣe Bridge Connections? Ẹ yan Wi-Fi àti Ethernet pọ̀ nínú ncpa.cpl, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún, ẹ yan "Bridge Connections", ó parí. PS4 á gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ ráútà fúnra rẹ̀, NAT (ibi tí ẹ̀rọ ti ń fi àdírẹ́sì tirẹ̀ bo ti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀) kan ṣoṣo ló máa là kọjá. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí nẹ́tíwọ̀kì gémù rí.

Alábòójútó_Nẹ́tì kọ:

Ẹ̀gbọ́n Afárá, níbi tí kọ̀ǹpútà bá ti ní ihò okùn méjì, tí okùn kan lọ sí ráútà, tí èkejì lọ sí ẹ̀rọ gémù, mo wà lẹ́yìn yín gbágbáágbá. Kò sí ọ̀nà tó dára ju ìyẹn lọ.

Lórí Wi-Fi ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ̀rọ tó bá wọ Wi-Fi máa ń fi nọ́ńbà MAC tirẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n ti kọ mọ́ káàdì nẹ́tíwọ̀kì láti ilé-iṣẹ́) forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ráútà. Gbogbo ìsọfúnni tó bá fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ru nọ́ńbà yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi í ránṣẹ́. Àyè àdírẹ́sì mẹ́ta péré ló wà lórí irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀, kò sí àyè ẹ̀kẹrin fún ẹni tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Bí PS4 bá wá fi nọ́ńbà MAC tirẹ̀ gba orí Wi-Fi kọ̀ǹpútà kọjá, ráútà á wò ó pé òun kò mọ ẹni yìí, á sì da á nù. Windows ń gbìyànjú láti fi nọ́ńbà tirẹ̀ bo ti PS4 mọ́lẹ̀, àmọ́ ọwọ́ dráífà káàdì Wi-Fi ni gbogbo rẹ̀ wà, àti pé níbi tí ẹ̀rọ ti ń tọrọ àdírẹ́sì ló ti máa ń bàjẹ́. Ráútà míì wà tó ní ètò WDS tó ń lo àdírẹ́sì mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ méjèèjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí Wi-Fi náà ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà: okùn sí okùn, ẹ ṣe afárá. Wi-Fi sí okùn, ẹ ṣe ICS. Ẹni tó bá sì ti ṣe afárá tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa á rẹ́ nínú ncpa.cpl kó tó lè tan ICS.

ỌmọGémù kọ:

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti tẹ̀lé ìgbésẹ̀ márààrún, PS4 ṣì ń sọ ohun kan náà. Èsì ipconfig rèé:

Wi-Fi: 192.168.1.34
Ethernet: 169.254.40.12
VirtualBox Host-Only Network: 192.168.137.1

Alábòójútó_Nẹ́tì kọ:

Ó ti hàn kedere. 192.168.137.1 lọ sórí ojú nẹ́tíwọ̀kì VirtualBox (ètò tí a fi ń ṣí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà), kò lọ sórí Ethernet. Windows ti tan iṣẹ́ náà lóòótọ́, àmọ́ ojú nẹ́tíwọ̀kì tí kò ní okùn kankan lára ló ń pín in sí. Àdírẹ́sì tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 ni ẹ̀rọ máa ń fún ara rẹ̀ nígbà tó bá ké títí tí kò rí ẹni dá a lóhùn, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ rí i lórí Ethernet tí ICS bá ti wà níbẹ̀.

Ẹ padà sí Sharing lórí Wi-Fi, ẹ yọ àmì kúrò, ẹ tẹ OK. Ẹ wá fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ VirtualBox nínú ncpa.cpl, ẹ yan Disable. Lẹ́yìn náà, ẹ tún àmì náà fi, kí ẹ sì rí i pé Ethernet ló wà nínú "Home networking connection". Bó bá jẹ́ Ethernet nìkan ló kù, àpótí yẹn lè má tilẹ̀ jáde, ìyẹn kò burú. Ẹ lè tan VirtualBox padà lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró. Bákan náà ni Hyper-V àti VPN máa ń fi ojú nẹ́tíwọ̀kì tiwọn kún un.

OníWáyà kọ:

Bí Ethernet bá ti di 192.168.137.1, tí PS4 kò sì tíì gba nǹkan kan, fáyàwọ̀ọ̀lù (ètò tó ń dí ìsọfúnni tí kò mọ̀ lọ́nà) ni kí ẹ fura sí, pàápàá èyí tó bá ètò agbógun-ti-fáírọ́ọ̀sì wọlé. Pọ́ọ̀tù UDP 67 ni PS4 ń gbà tọrọ àdírẹ́sì (pọ́ọ̀tù ni ẹnu ọ̀nà onínọ́ńbà tí ìsọfúnni ń gbà wọlé). Tí fáyàwọ̀ọ̀lù bá dí i, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ni kí ẹ fi ọwọ́ kọ àdírẹ́sì fún PS4. Lórí PS4, ẹ yan Custom dípò Easy:

IP: 192.168.137.2
Subnet Mask: 255.255.255.0
Default Gateway: 192.168.137.1
Primary DNS: 192.168.137.1, Secondary DNS: 8.8.8.8
MTU: Automatic. Proxy: Do Not Use.

Bó bá ṣiṣẹ́ báyìí, pípín àdírẹ́sì nìkan ló dí. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ kọ arp -a nínú Command Prompt lórí kọ̀ǹpútà. Bí 192.168.137.2 bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà MAC PS4, okùn dára, àárín Ethernet àti Wi-Fi ni ìdíwọ́ wà. Bí kò bá sí níbẹ̀ rárá, ẹ padà sórí okùn. Mo yan arp ju ping lọ fún iṣẹ́ yìí, torí ẹ̀rọ lè kọ̀ láti dá ping lóhùn, síbẹ̀ kó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì láìsí wàhálà.

ỌmọGémù kọ:

Ó ti gbà o! Ethernet ti di 192.168.137.1, PS4 gba àdírẹ́sì fúnra rẹ̀, àyẹ̀wò íntánẹ́ẹ̀tì sì yọrí. Àmọ́ NAT Type 3 ló kọ. Ṣé ó ṣe nǹkan?

Afárá kọ:

Ó ṣe nǹkan, òun gan-an ni mo ń sá fún. PS4 wà lẹ́yìn NAT kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà tún wà lẹ́yìn NAT ráútà. Gémù tó bá ń lo sáfà ilé-iṣẹ́ nìkan á ṣiṣẹ́. Níbi tí ẹ̀rọ àwọn òṣèré bá ti ní láti kan ara wọn tààrà, Type 3 kò ní rí Type 3 mìíràn, ohùn nínú party (àwùjọ tí ẹ fi ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ lórí PS4) náà lè má gbọ́. Type 2 ló yẹ kí ẹ wá. Xbox ní tirẹ̀ máa ń kọ Open, Moderate tàbí Strict, ó sì lè sọ ọ́ ní tààrà pé òun rí NAT méjì.

UPnP ráútà (ètò tó ń ṣí pọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀) kò lè gbà yín níbí, torí ohun tí PS4 bá béèrè kò kọjá ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ fọwọ́ ṣí pọ́ọ̀tù níbi méjèèjì:

Lórí ráútà, ẹ darí TCP 3478, 3479, 3480 àti UDP 3478, 3479 sí àdírẹ́sì Wi-Fi kọ̀ǹpútà, 192.168.1.34 nínú ọ̀rọ̀ tiyín. Ẹ jẹ́ kí ráútà fi àdírẹ́sì yẹn pamọ́ fún kọ̀ǹpútà kó má baà yí padà.

Lórí kọ̀ǹpútà, nínú Sharing yẹn kan náà, ẹ tẹ Settings, lẹ́yìn náà Add. Ẹ kọ orúkọ tó wù yín, àdírẹ́sì PS4, pọ́ọ̀tù ìta àti pọ́ọ̀tù inú (nọ́ńbà kan náà), kí ẹ yan TCP tàbí UDP. Pọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìgbà márùn-ún ni ẹ máa tẹ Add. Ìdí nìyí tó fi dára kí PS4 ní àdírẹ́sì tí kò ń yí padà, bí èyí tí OníWáyà kọ sókè. Ẹni tó bá ń lo Xbox, 3074 ni tirẹ̀, TCP àti UDP.

PéńgúìnDúdú kọ:

Fún àwọn tó ń lo Linux: nínú NetworkManager, ẹ ṣí ètò okùn náà, ní IPv4 ẹ yan "Shared to other computers". Lórí tẹ́mínà:

nmcli connection modify "Wired connection 1" ipv4.method shared
nmcli connection up "Wired connection 1"

10.42.0.1 ni kọ̀ǹpútà máa jẹ́, ẹ̀rọ gémù á sì gba òmíràn nínú 10.42.0. Dnsmasq gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà, òun ló ń pín àdírẹ́sì. Bí ufw, fáyàwọ̀ọ̀lù Linux, bá wà lójú iṣẹ́, ẹ ṣí UDP 67 àti pọ́ọ̀tù 53 fún ihò okùn yẹn, kí ẹ sì gbà kí ìsọfúnni kọjá láti ojú kan sí èkejì. Bí ẹ kò bá ṣe ti ìkẹyìn yìí, ẹ̀rọ gémù á ní àdírẹ́sì, kò sì ní rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lórí Mac, System Settings, General, Sharing, Internet Sharing: ẹ pín látorí Wi-Fi sí Ethernet. 192.168.2 ni àdírẹ́sì tirẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀.

ỌmọGémù kọ:

NAT ti di Type 2, ohùn ń gbọ́ nínú party. Ìbéèrè méjì ló kù: nígbà tí mo pa kọ̀ǹpútà tí mo sì tàn án padà, PS4 kò rí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ àfi ìgbà tí mo yọ àmì Sharing tí mo tún fi í padà. Àti ti fáìlì tí mo béèrè.

Alábòójútó_Nẹ́tì kọ:

Ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ICS ṣe ń ṣe láti Windows 10 ẹ̀dà 1709: bí ìsọfúnni kankan kò bá kọjá fún ìṣẹ́jú 4, iṣẹ́ náà á dákẹ́, kì í sì í jí fúnra rẹ̀. Nǹkan méjì ni ẹ máa ṣe. Ẹ ṣí services.msc, ẹ wá "Internet Connection Sharing (ICS)", ẹ sọ Startup type rẹ̀ di Automatic. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí regedit, ẹ lọ sí HKEY_LOCAL_MACHINE\Software\Microsoft\Windows\CurrentVersion\SharedAccess, ẹ dá DWORD tuntun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ EnableRebootPersistConnection, kí ẹ fún un ní 1. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tàn án padà.

Ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa sùn nígbà tí gémù ń lọ lọ́wọ́, torí bó bá ti sùn, PS4 náà ti jáde. Nínú Device Manager, lórí káàdì Wi-Fi àti ti Ethernet, Power Management, ẹ yọ àmì "Allow the computer to turn off this device to save power". Bí VPN bá wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ pa á, tàbí kí ẹ pín ojú nẹ́tíwọ̀kì VPN náà dípò Wi-Fi.

OníWáyà kọ:

Ti fáìlì: PS4 kì í ṣí fódà rẹ̀ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, okùn kò lè yí ìyẹn padà. Fún àwòrán àti fídíò tí ẹ gbà sílẹ̀ nínú gémù, fláàṣì USB tó jẹ́ exFAT tàbí FAT32 ló yá jù. Bó bá jẹ́ fíìmù àti orin tó wà lórí kọ̀ǹpútà ni ẹ fẹ́ wò lórí PS4, ẹ fi Media Player sórí PS4, kí ẹ sì tan sáfà DLNA (ètò tó ń pín fíìmù àti orin lórí nẹ́tíwọ̀kì) lórí kọ̀ǹpútà. Inú okùn yìí ló máa gbà.

Ohun tí okùn náà wúlò fún jù ni Remote Play, ìyẹn gbígbá gémù PS4 lórí kọ̀ǹpútà. Sony ní kí íntánẹ́ẹ̀tì má dín ní 5 Mbps, 15 Mbps ni wọ́n sì dámọ̀ràn. Okùn tààrà láàárín kọ̀ǹpútà àti PS4 kọjá ìyẹn fíìfíì. Ẹ kàn wo Status lórí Ethernet: Speed gbọ́dọ̀ jẹ́ 1.0 Gbps. Bó bá kọ 100 Mbps, ẹ wo wáyà ẹsẹ̀ 4, 5, 7 àti 8. Okùn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wáyà mẹ́rin péré wà nínú rẹ̀, 100 Mbps ni irú rẹ̀ lè gbé mọ. Kò ní dí gémù lọ́wọ́, àmọ́ bí ẹ bá máa ra òmíràn, ẹ ra èyí tó ní wáyà mẹ́jọ pé.

Afárá kọ:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un fún ẹni tí kò fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa wà ní títàn nítorí gémù. Ẹ̀rọ kékeré tó ń na Wi-Fi gùn, tó ní ihò okùn lára, ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà. Ẹ fi í sí ipò "client" tàbí "bridge" nínú ètò rẹ̀, ẹ ki okùn bọ̀ ọ́, kí orí kejì wọ PS4. Ẹ yan èyí tó ń gba Wi-Fi 5 GHz, torí PS4 àkọ́kọ́ kò mọ̀ ju 2.4 GHz lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn wà lára ohun tó mú kí Wi-Fi rẹ̀ máa já láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó gbé okùn PS4 lọ síbẹ̀, ẹ dá PS4 padà sí Easy, torí 192.168.137.2 tí ẹ kọ fún un kò ní bá nẹ́tíwọ̀kì ráútà mu, ẹ sì pa pọ́ọ̀tù tí ẹ darí sí kọ̀ǹpútà rẹ́ lórí ráútà. UPnP á wá ṣe ìyókù.